Ìdíje ẹ̀rọ àti sọ́fítíwíà fún akẹ́kọ̀ọ́: kí ni kí àwa ọmọ Ìjẹ̀bú gbé lọ?

Ọmọ-Àgọ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin òbí wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè. Àwa mẹ́ta la jọ fẹ́ wọ ìdíje kan tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rọ kan wá pẹ̀lú sọ́fítíwíà tó ń darí rẹ̀, kó jẹ́ àrà tí àwọn fúnra wọn dá, kó má jẹ́ àdàkọ, kó sì ṣiṣẹ́ lójú adájọ́. Ọ̀kan nínú wa mọ kóòdù kọ dáadáa, ọ̀kan gbọ́ iná díẹ̀, èmi ni mo ń kọ ìwé tí mo sì máa sọ̀rọ̀ níwájú èrò. A ní Arduino Uno kan, a ní ESP32 kan, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré ni méjèèjì. Owó ò tó nǹkan. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni agolo ìdọ̀tí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ tí èèyàn bá ti sún mọ́ ọn, tàbí ká máa fi fóònù tan iná ilé. Èwo ni kí a mú nínú méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wá ṣẹ̀fẹ̀.

Gbajúmọ̀-Ìta-Ọba
A ò fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n agolo ìdọ̀tí yẹn ti ṣí, ó ti pa dé, ó ti rẹ òun náà.

Adájọ́-Tẹ́lẹ̀
Mo ti bá wọn jókòó nídìí tábìlì adájọ́ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ tiwa. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí agolo ìdọ̀tí má yọjú. Sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 kan tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, mọ́tò sẹ́fò kan tó ń ṣí ìdérí, fídíò rẹ̀ kún orí YouTube. Iná orí fóònù náà, bákan náà. Wọ́n máa ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹ̀sùn lórí ìyẹn. Àmọ́ ìbéèrè tí mo máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́ yìí?" Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ara wọn.

Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ "àrà ti ara ẹni" yìí má bà yín jù. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ lọ rọ chip. Arduino tó wà lọ́wọ́ yín, orí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló dúró lé: Hernando Barragán, ọmọ Kòlóńbíà, ló ṣe Wiring, ètò tó ń jẹ́ kó rọrùn láti kọ kóòdù fún bọ́ọ̀dù, ní 2003 fún oyè másítà rẹ̀ ní ìlú Ivrea ní Ítálì. Nígbà tó di 2005, Arduino jáde láti ara rẹ̀ nílùú kan náà. Ẹ tún wo SatNOGS, àwọn ọmọ Gíríìsì tó gba ẹ̀bùn ńlá nínú Hackaday Prize àkọ́kọ́, ìdíje ẹ̀rọ àgbáyé kan, ní 2014. Mọ́tò, eriali àti ike ni gbogbo ẹ̀, ohun tí èèyàn lè rà. Tiwọn níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe so ibùdó tó wà káàkiri ayé pọ̀ mọ́ ara wọn kí wọ́n lè jọ máa gbọ́ sátẹ́láìtì. Kò pọn dandan kí ẹyọ ohun èlò jẹ́ tiyín. Ìdí tí ẹ fi tò wọ́n bí ẹ ṣe tò wọ́n ló gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín.

Nítorí náà, ẹ wo ilé. Kí ni wọ́n ń ṣe ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lójoojúmọ́ tí ẹlòmíràn kò ní mọ̀ tó yín?

Gbajúmọ̀-Ìta-Ọba
Àríyá. Ẹ ṣe ẹ̀rọ tó máa ka owó tí wọ́n ná fún ìyàwó lójú agbo, kó sì fi orúkọ ẹni tó ná an hàn lójú tẹlifíṣọ̀n.

Lọ́yà-Rẹ́mọ
Abala 21 nínú òfin CBN ti 2007 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ká máa ná owó náírà séèyàn lórí lójú agbo. Ẹ̀rọ yín ni wọ́n máa fi ṣe ẹ̀rí ní kóòtù.

Ọmọ-Dátà
Ẹ gbọ́, láyé òde òní, tí kò bá ní AI nínú, wọn ò ní wò ó. Ṣágámù ni ojúkò obì. Ẹ ya fọ́tò obì tó dáa àti èyí tí kòkòrò ti jẹ, ẹ fi kọ́ kámẹ́rà, kó máa ṣà wọ́n lọ́tọ̀.

Ìyá-Olóbì-Sábó
Ọmọ mi, inú obì ni kòkòrò yẹn ti ń jẹun kó tó lu ihò jáde. Ìgbà tí kámẹ́rà yín bá fi rí ihò, èmi náà ti rí i. Èyí tí kò tíì lu ihò ló ń jẹ owó mi.

Ọmọ-Dátà
Ẹ ṣé, màmá. Mo ti gbọ́.

Ọmọ-Àgọ́
Gàrí ńkọ́? Ìyá ọ̀kan nínú wa ń tà á ní Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. A rò pé a lè fi sẹ́ńsọ̀ pH wo bí ẹ̀gẹ́ ṣe kan tó, kó sì máa fi hàn lórí fóònù.

Ìyá-Gàrí-Ìjẹ̀bú-Igbó
Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ máa gbọ́ mi dáadáa kí ẹ má lọ fi owó jóná.

Ẹ ní ẹ fẹ́ wọn bó ṣe kan tó. Ta ló ń béèrè? Gàrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe gàrí tí wọ́n lọ lónìí tí wọ́n yan lọ́la. A máa ń fi í sílẹ̀ kí ó kan gan-an, kó tó dé orí iná. Tí mo bá fi imú gbóòórùn rẹ̀, tí mo fi díẹ̀ kan ahọ́n, mo ti mọ̀. Kò sí wàhálà níbẹ̀.

Ìdí jáàkì ni wàhálà wa wà. Tí a bá lọ ẹ̀gẹ́ tán, a ó dì í sínú àpò, a ó to àpò lé ara wọn láàárín irin, a ó fi pákó lé e lórí, a ó wá ki jáàkì bọ àárín pákó àti irin òkè. Tí o bá tẹ jáàkì, omi á tú jáde wìì. Tó bá ṣe díẹ̀, omi á máa kán tó, tó, tó. Ìgbà yẹn ló yẹ kí o tún lọ tẹ̀ ẹ́. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpò á bẹ́, ẹ̀gẹ́ á tú sílẹ̀. Tí o bá sì gbàgbé rẹ̀, inú àpò ò ní gbẹ. Tí o bá wá fẹ́ jọ̀ ọ́, á lẹ̀ mọ́ ajọ̀. Tó bá dé orí agbada, á di kókó, á sì jẹ igi ìdáná bí ọkọ ìyàwó ṣe ń jẹ owó àna. Lọ́sàn-án, a wà níbẹ̀. Lóru ńkọ́? Àwọn ọmọ tí a ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ á ti sùn. Èmi náà ò lè máa jí sọ́nà ní gbogbo ìgbà torí jáàkì.

Ẹ̀rọ tó bá lè pè mí pé "Màmá, ẹ dìde, omi ti dúró," ìyẹn ni mo máa rà.

Adájọ́-Tẹ́lẹ̀
Ẹ̀yin ọmọ Àgọ́, ẹ ti rí ẹni tó bẹ̀ yín níṣẹ́. Ẹ ju agolo yẹn nù.

Ọmọ-Àgọ́
Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé tí a bá fi load cell, ìyẹn irin tó ń wọn nǹkan, sábẹ́ àwọn àpò náà, ṣe bí àpò ṣe ń fúyẹ́ la ó fi mọ̀ pé omi ń jáde?

Tíṣà-Físíìsì-Ìkẹ́nnẹ́
Rárá o. Àárín irin ni jáàkì wà: ó ń ti pákó sísàlẹ̀, ó ń ti irin sókè. Ohun tí load cell abẹ́ àpò máa kà ni agbára jáàkì, kì í ṣe ìwọ̀n ẹ̀gẹ́. Jáàkì lè máa ti tọ́ọ̀nù mélòó kan, kí ni lítà omi mẹ́wàá tó jáde máa wá jẹ́ nínú rẹ̀? Nọ́ńbà yẹn á bò ó mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé agbára náà máa ń rẹlẹ̀ bí omi ṣe ń jáde, torí ẹ̀gẹ́ ń súnkì, èèyàn sì lè fi ìyẹn mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n load cell tó lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ owó akẹ́kọ̀ọ́.

Ìyá-Gàrí-Ìjẹ̀bú-Igbó
Kí lẹ ń dààmú àpò sí? Omi tó ń jáde ni èmi máa ń wò. A ṣe ojú ọ̀nà fún un, inú garawa ló ń dà sí, torí a máa ń jẹ́ kó silẹ̀ ká lè kó sítáàṣì inú rẹ̀. Ẹ wọn garawa.

Tíṣà-Físíìsì-Ìkẹ́nnẹ́
Màmá ti parí ẹ̀. Ẹ wọn garawa. Garawa ọ̀dà lítà ogún tí omi kún kò ní ju bíi kìlógíráàmù mọ́kànlélógún lọ, sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú sì lè gbà á.

Ọ̀gá-Rẹ́wáyà-Ṣágámù
Ẹ má tíì lọ sí Alábà tàbí Computer Village ní Ìkẹjà o, owó ọkọ̀ nìkan á jẹ yín. Ẹ bi gbogbo ará ilé yín bóyá wọ́n ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara, onígíláàsì tó ní ojú nọ́ńbà, tó ti bàjẹ́. Ojú rẹ̀ ló sábà máa ń bàjẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rin abẹ́ rẹ̀ ṣì máa ń dáa, sẹ́ńsọ̀ kan ló wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba bíi 50kg. Wáyà mẹ́ta ló máa ń jáde lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di afárá kan, ohun tí tíṣà yín ń pè ní Wheatstone bridge, kí ẹ tó so ó mọ́ HX711, ẹ̀yà kékeré tó ń sọ àmì sẹ́ńsọ̀ di nọ́ńbà. Ẹ wọn wáyà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú mítà kí ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé tí a ń yọ́, jó o pọ̀. Ẹ má gbára lé àwọ̀ wáyà, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀.

HX711 ń ṣiṣẹ́ láti 2.6V títí dé 5.5V, torí náà ẹ gbé e sórí 3.3V ti ESP32 yín, ó parí. Tí ẹ bá fún un ní 5V, ohun tó máa dá pa dà fún ESP32 á ju èyí tí ESP32 fẹ́ lọ, ẹ̀ ń wá wàhálà nìyẹn.

Ohun kejì: ẹ má gbé e dé ibẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù tí a ń ki wáyà bọ̀. Nínú ilé, ó dáa. Níbi tí wọ́n ti ń ju àpò ẹ̀gẹ́ lulẹ̀, wáyà kan á yọ, ẹ ó máa wá kóòdù tó bàjẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ jó o mọ́ bọ́ọ̀dù tó lè dúró.

Ọmọ-Ìsarà
Ṣé Uno ò tó fún iṣẹ́ yìí?

Ọ̀gá-Rẹ́wáyà-Ṣágámù
Ó tó. Ṣùgbọ́n bátìrì ni wọ́n máa lò níbẹ̀, ESP32 sì lè sùn láàárín iṣẹ́ kó má máa jẹ iná. Uno kò mọ oorun sùn bẹ́ẹ̀, chip rẹ̀ lè sùn àmọ́ bọ́ọ̀dù tó gbé e kò ní jẹ́ kó ṣe yín láǹfààní. Mi ò sì fẹ́ gbọ́ pé ẹ fa iná NEPA lọ sídìí jáàkì. Ilẹ̀ tútù, irin, omi ẹ̀gẹ́ níbi gbogbo. Bátìrì 18650 kan pẹ̀lú bọ́ọ̀dù TP4056 tó ń fi iná sí bátìrì, èyí tó ní ààbò, ó tó.

Ẹ̀gbọ́n-Kóòdù
Mo kí gbogbo ilé. Ìjẹ̀bú-Òde ni ilé wa, Yábàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kóòdù yín kò ní gùn, àmọ́ inú rẹ̀ ni àrà yín máa wà, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀ ju ibikíbi lọ.

Ẹ má gba nọ́ńbà kan ṣoṣo gbọ́. HX711 ń kà ní ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ewúrẹ́ á fara nu garawa, ọmọdé á gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹ kó nọ́ńbà púpọ̀ jọ, ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, ẹ mú ti àárín. Ewúrẹ́ kò ní rí ti àárín dà rú.

Lẹ́yìn náà, iye omi tó wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kí ẹ máa ṣírò, kì í ṣe iye tó wà nínú garawa. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ jáàkì, iye yẹn á fò sókè. Kóòdù yín á fi èyí tó ga jù sọ́kàn. Tí sísàn omi bá ti lọ sílẹ̀ dé ìdá kan lára rẹ̀, tí ẹ̀yin àti Màmá máa jọ fẹnu kò lé lórí, àkókò ti tó láti tún tẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́ tí sísàn omi kò sì fò sókè mọ́, ẹ̀gẹ́ ti gbẹ tó bó ṣe lè gbẹ. Ẹ ò nílò AI kankan fún ìyẹn. Ìyọkúrò àti ìpín ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ṣubú sí nìyí: ẹnìkan máa da garawa nù. Nọ́ńbà á já lulẹ̀ lójijì láti ogún sí òdo. Tí ẹ ò bá sọ fún kóòdù pé ó lè ṣẹlẹ̀, yóò gbà pé omi ti pa dà sínú ẹ̀gẹ́. Ohunkóhun tó bá já wálẹ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, kó kà á sí pé wọ́n da omi nù, kó bẹ̀rẹ̀ láti òdo tuntun, kó má sì pàdánù àròpọ̀ àtẹ̀yìnwá. Ẹ sì jẹ́ kó kígbe kí garawa tó kún. Sítáàṣì Màmá ni, ẹ má jẹ́ kó dà sílẹ̀.

Ọmọ-Àgọ́
Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe máa wá sọ fún Màmá? A rò pé ká ṣe app ká fi í sórí fóònù wọn.

Ìyá-Gàrí-Ìjẹ̀bú-Igbó
Fóònù tóṣì ni mo ń lò. Èyí tí ọmọ mi fi ń kọ̀wé yìí, tiẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n-Kóòdù
Kò sí app. Fíláàṣì ni.

Ẹ ra SIM800L, ẹ̀yà kékeré tó ń ṣiṣẹ́ bíi fóònù, ẹ fi síìmù sí i, kó máa pe nọ́ńbà Màmá kó sì gé e. Fíláàṣì ẹ̀ẹ̀kan: ẹ lọ tẹ jáàkì. Ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀ léra: ó ti gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta: garawa fẹ́ kún. Kò gba dátà, kì í jẹ káàdì, kò gba kí èèyàn mọ ìwé kà. Àṣẹ ATD pẹ̀lú nọ́ńbà àti àmì ";" ló ń pè, ATH ló ń gé e. Mo ti wo iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, gbogbo wọn ló ń ṣe app. Tí mo bá jẹ́ adájọ́, fíláàṣì yìí ni mo máa fún ní máàkì.

Ẹ ṣọ́ iná SIM800L o. Láàárín 3.4V sí 4.4V ló ń fẹ́, tó bá sì ń pè ó lè fa iná tó 2A fún ìṣẹ́jú bíńtín. Ẹ má gbé e sórí ẹsẹ̀ 3.3V ti ESP32. Láti ara bátìrì tààrà ni kó ti máa jẹun, pẹ̀lú kàpásítọ̀ ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá rí i tó ń kú tó ń jí ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ pè, kóòdù kọ́, ebi ló ń pa á.

Ọmọ-Dátà
Ṣé ó burú tí wọ́n bá ní kí ChatGPT bá wọn kọ kóòdù ọ̀hún ni?

Adájọ́-Tẹ́lẹ̀
Kí wọ́n kọ́kọ́ ka òfin ìdíje náà lórí ìyẹn. Tí òfin bá tiẹ̀ gbà wọ́n láyè, èmi máa ń fi ìka sí ìlà kan ni, mà á ní, "Tí a bá yọ èyí kúrò, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Ẹni tó kọ ọ́ á dáhùn. Ẹni tí kò kọ ọ́ á ní kí n jẹ́ kí òun pe ọ̀rẹ́ òun.

Ẹ ṣe ojú ìwé kan, ìdajì fún ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìdajì fún ohun tí ẹ ṣe fúnra yín. Ẹ kọ orúkọ láíbírérì tí ẹ lò àti irú láísẹ́ǹsì tó wà lórí rẹ̀. Èyí tó jẹ́ MIT, ẹ jẹ́ kí orúkọ onítọ̀hún wà níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ GPL, tí ẹ bá pín ohun tí ẹ fi í kọ́ fáráyé, ẹ ní láti fún wọn ní kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí adájọ́ tó máa yọ máàkì nítorí pé ẹ jẹ́wọ́. Èyí tí ẹ fi pamọ́ tí a bá wá rí i, ó tán nìyẹn.

Kí ẹ sì máa kọ déètì. Ẹ fi gbogbo kóòdù sínú Git, ohun tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe kóòdù pẹ̀lú déètì rẹ̀, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ ń yàwòrán sí. Àwòrán tí wọ́n fi bíró yà níbi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́, tí omi ẹ̀gẹ́ ti ta sí i lára, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju sláìdì lọ.

Lọ́yà-Rẹ́mọ
Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu tèmi sí i, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan máa béèrè bóyá wọ́n lè jí i. Kóòdù tí ẹ bá ti kọ, tiyín ni láti ìgbà tí ẹ ti kọ ọ́. Òfin Copyright ti 2022 dáàbò bò ó bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ìwé kíkọ, ẹ ò sì nílò ìforúkọsílẹ̀ kí ó tó jẹ́ tiyín. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe kọ ọ́ nìkan ló dáàbò bò. Ẹlòmíràn lè gbọ́ èrò "wọn omi garawa", kó lọ kọ tiẹ̀.

Èrò yẹn fúnra rẹ̀, páténtì ló lè dáàbò bò ó, ìyẹn lábẹ́ Patents and Designs Act ti 1970. Ogún ọdún ni páténtì. Tí ìrísí rẹ̀ nìkan bá jọ yín lójú, ìforúkọsílẹ̀ ìrísí wà fún ọdún márùn-ún, ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ohun tuntun ni òfin fẹ́. Tí ẹ bá ti gbé e síta gbangba kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀, ẹ ti lè ba nǹkan jẹ́ fún ara yín, ìta gbangba sì ni ojúde ìdíje. Ìta gbangba náà ni ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sì rò pé ìwé páténtì ti parí ẹjọ́: òfin náà fúnra rẹ̀ sọ pé ewu dọwọ́ ẹni tó gbà á, ìjọba kò ṣe onídùúró pé ó dúró ṣinṣin. NOTAP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ń ran àwọn olùdásílẹ̀ lọ́wọ́ lórí ìyẹn, ẹ kàn sí wọn.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ka ìwé òfin ìdíje náà dé ìlà ìkẹyìn. Àwọn mìíràn máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí ẹ bá gbé wá ti di tàwọn. Ẹ wo ti ilé ẹ̀kọ́ yín náà, tí ẹ bá lo yàrá ìmọ̀ wọn.

Gbajúmọ̀-Ìta-Ọba
Lọ́yà, Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Ẹ sọ ibi tí owó wà fún wọn, wọn á rí i kà.

Tíṣà-Físíìsì-Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ̀yin ọmọ, nǹkan méjì ló kù lọ́dọ̀ mi. Load cell tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ pẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹrù ò tiẹ̀ yí pa dà. Oòrùn náà máa ń mú un rìn. Bí omi bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ìrìn yẹn lè jọ omi tó ń kán. Ẹ gbé garawa tí omi wà nínú rẹ̀ sórí rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kí ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Bó bá ṣe rìn tó, ohun tó bá kéré sí i ẹ má ṣe kà á sí omi. Ẹ fi í síbi òjìji.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ ní kìlógíráàmù, ẹ má wá òkúta ìwọ̀n lọ. Ẹ fi píọ́ wọ́tà sí i. Wọ́n kọ 50cl sára rẹ̀, ó yẹ kó tó ìdajì kìlógíráàmù, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ní ìwọ̀n tó péye kí ẹ mọ iye tó jẹ́ gan-an, torí àwọn oníomi yìí…

Ẹ má sì fi omi ẹ̀gẹ́ ṣeré. Nígbà tí wọ́n bá lọ ẹ̀gẹ́, èròjà kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ linamarin máa ń fọ́, ó sì máa ń tú sáyánáìdì sílẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ bá omi jáde, èyí tó kù ń bá ìkan àti iná lọ. Ìdí nìyẹn tí gàrí fi dára jẹ: ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fún gàrí kò gbà ju 2mg lọ nínú kìlógíráàmù kan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹran mu nínú garawa ìdánwò yín. Ó tún kan, ó máa ń jẹ irin. Kí sẹ́ńsọ̀ wà lábẹ́ pákó tí ẹ fi ọ̀rá bò.

Ọmọ-Àgọ́
A dúpẹ́, sà. Ìlànà Codex yẹn, ṣé ó sọ nípa omi inú gàrí náà?

Tíṣà-Físíìsì-Ìkẹ́nnẹ́
Kò gbọ́dọ̀ ju 12 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Gàrí tó ti kúrò lórí iná nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀gẹ́ tó wà nínú àpò. Ẹ má kó méjèèjì pọ̀ níwájú adájọ́.

Ọmọ-Ìsarà
Báwo ni wọ́n ṣe máa gbé jáàkì àti àpò ẹ̀gẹ́ wọ inú gbọ̀ngàn?

Adájọ́-Tẹ́lẹ̀
Wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e wọ̀ ọ́. Òórùn rẹ̀ nìkan á lé wa jáde.

Ẹ lọ sí ilé oògùn, ẹ ra okùn dríìpù tuntun, irú èyí tí wọ́n fi ń fún aláìsàn lómi. Ẹ ki okùn náà bọ ìsàlẹ̀ ike omi kan, ẹ gbé ike náà kọ́ sókè, kí omi máa kán sínú garawa yín. Táyà róbótó kékeré tó wà lára okùn náà ni jáàkì yín. Ẹ fún adájọ́ ní okùn yẹn, ẹ ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín omi kù. Tí fóònù tóṣì tó wà lórí tábìlì bá dún lẹ́ẹ̀kan tó sì dákẹ́, ẹ ò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá gbé àkọsílẹ̀ tí ẹ gbà lọ́dọ̀ Màmá jáde: òru tí ẹ̀rọ wà níbẹ̀ àti òru tí kò sí níbẹ̀, iye omi tó jáde, bí ẹ̀gẹ́ ṣe rí lórí ajọ̀. Tí òru kan bá wà tí ẹ̀rọ ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ fi ti ọ̀hún hàn pẹ̀lú. Iṣẹ́ tí gbogbo ọjọ́ rẹ̀ dáa máa ń fu mí lára.

Ìyá-Gàrí-Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ máa bọ̀ níjọ́ tó bá wù yín, yàtọ̀ sí ọjọ́ ọjà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ìgbà yẹn la máa ń di àpò. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀. Ẹ kò ní san owó kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá wọn garawa mi lóru, òun náà ló máa bá mi tẹ jáàkì lóru ọjọ́ náà.

Ọmọ-Àgọ́
A gbà, màmá. A máa mú ẹni tó lágbára jù nínú wa dání. Ẹ̀gbọ́n Kóòdù, síìmù tani kí a lò?

Ọ̀gá-Rẹ́wáyà-Ṣágámù
Ọ̀kan nínú yín ni kó fi NIN rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, ẹ má lo síìmù tí ẹ ò mọ ẹni tó ni ín. Kí ẹ sì fi èyí sọ́kàn: fíláàṣì kì í ná owó, ilé iṣẹ́ fóònù sì lè ti síìmù tí kò bá ná kọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ kọ ọ́ sínú kóòdù yín pé kó máa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ lóṣù.